Ọjọ́ kóòtù ti kọjá, ẹ ò lọ, béèlì sì wà lọ́rùn yín: ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí

Tí ọlọ́pàá bá gbé èèyàn lọ sí kóòtù l'Ékòó, bóyá Ògbà ni o, bóyá Yaba, Ẹ̀búté Mẹ́ta, Súrùlérè tàbí Tinúbú ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí adájọ́ wá fún un ní béèlì, ohun kan ṣoṣo ni béèlì yẹn wà fún: kó lè máa ti ilé wá jẹ́jọ́. Wọn ò tíì dá a sílẹ̀, ẹjọ́ ò sì tíì parí. Constitution ọdún 1999, ní section 35, ló sọ pé wọ́n lè fi èèyàn sílẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn tó máa mú kó padà wá nígbà tí ẹjọ́ ẹ̀ bá tó, section 36 sì sọ pé aláìṣẹ̀ lẹ jẹ́ títí kóòtù á fi dá yín lẹ́bi. Nítorí náà ẹ ò tíì jẹ̀bi ohunkóhun, àmọ́ ẹ ti ṣèlérí, ẹnì kan sì ti fọwọ́ síwèé lórí ìlérí yẹn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ ò yọjú lẹ dalẹ̀ àwọn méjèèjì, kóòtù àti onídùúró yín.

Mo jẹ́ lọ́yà, Ẹ̀búté Mẹ́ta ni ọ́fíìsì wa wà, àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń sáré wá bá wa lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọn ò ní in lọ́kàn láti sá lọ rárá. Àìsàn ni, gosílóò ni, tàbí ẹnì kan ló sọ fún wọn pé kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu mọ́. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ló máa ń kó bá wọn jù. Ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á pa fóònù, wọ́n á kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ní Ìkòròdú tàbí Abẹ́òkúta, wọ́n á ní ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ kóòtù kì í rọlẹ̀ fúnra ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nínú ìwé yìí ò ju kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn padà lọ kí wọ́n tó wá mú yín, nítorí ẹni tó bá dá wá, adájọ́ máa ń tẹ́tí sí i, ẹni tí ọlọ́pàá bá wọ́ wá láti abẹ́ ibùsùn, kí ló fẹ́ sọ?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kóòtù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ò lọ

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ kó yé yín. Kílákì á pe nọ́ńbà ẹjọ́ yín, á pe orúkọ yín. Kò sẹ́ni tó bọ́ sínú àpótí tí olùjẹ́jọ́ máa ń dúró sí. Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ kóòtù á jáde sí kọ́rídọ̀, á fi ohùn rara pe orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta á máa wojú ara wọn, á padà wọlé, á ní kò sẹ́ni tó dáhùn. Agbefọ́ba á dìde, á ní kí kóòtù jọ̀ọ́ fún òun ní bench warrant, ìyẹn àṣẹ kí wọ́n mú yín wá. Adájọ́ á wá wò ó pé ṣé lọ́yà yín wà níbẹ̀, ṣé onídùúró yín wà níbẹ̀, ṣé ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni gbogbo ẹ̀, ibẹ̀ ni nǹkan ti ń yí padà.

Tí lọ́yà bá dìde tó ní "Your Honour, oníbàárà mi wà ní ọsibítù, ìwé dókítà rè é", ọ̀pọ̀ adájọ́ á sún ẹjọ́ síwájú, wọ́n lè kìlọ̀ pé kó má tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Tí kò bá sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, adájọ́ lè fọwọ́ sí bench warrant lójú ẹsẹ̀, ó lè fagi lé béèlì yẹn, ó sì lè ní kí wọ́n kọ̀wé pe onídùúró pé kó wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kó san owó tó fọwọ́ sí. Ó lè ṣe méjì nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bench warrant yìí, ìwé àṣẹ ni, ó ń sọ fún ọlọ́pàá pé kí wọ́n mú ẹni yìí wá síwájú kóòtù. Kì í gbó, kì í kú. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi mú ẹni náà tàbí títí adájọ́ á fi fagi lé e, ọdún márùn-ún lè kọjá lórí ẹ̀. Wọ́n lè fi mú èèyàn lọ́jọ́ Sunday, wọ́n lè fi mú un lọ́jọ́ iléyá níbi tó ti ń pín ẹran. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó máa ń rò pé tí oṣù mẹ́fà bá ti kọjá láìsẹ́ni tó wá kanlẹ̀kùn, ó ti tán nìyẹn.

Tó bá jẹ́ pé Federal High Court n'Íkòyí ni ẹjọ́ yín wà, bí irú èyí tí EFCC ń gbé wá, òfin ACJA ti ọdún 2015, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, ni wọ́n ń lò níbẹ̀, section 352 òfin yẹn sì gba kóòtù láàyè láti máa gbọ́ ẹjọ́ lọ láìsí yín níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá kọ̀ tẹ́ ẹ ò wá láìní àlàyé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sún ẹjọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí bó ṣe tọ́ lójú adájọ́. Wọ́n á gbọ́ àwọn ẹlẹ́rìí, kò ní sẹ́ni tó máa gbẹnu sọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀, wọ́n lè dá yín lẹ́bi, ọjọ́ tí ọwọ́ bá tẹ̀ yín tàbí tẹ́ ẹ bá fara hàn ni wọ́n á wá kéde ọdún ẹ̀wọ̀n. Ìyẹn ni pé èèyàn lè wà nínú ilé ẹ̀ kí kóòtù ti dá a lẹ́bi tán.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ pe fóònù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an

Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ẹ ò ní tètè débẹ̀, ẹ má dúró kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn ṣú kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Ká ní Third Mainland Bridge ti dí, ẹ wà ní Adénijì Adélé tí mọ́tò ò mira, aago 9 sì ti lù. Ẹ pe lọ́yà yín. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní stand down: lọ́yà á dìde, á bẹ kóòtù pé kí wọ́n fi ẹjọ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná, kí wọ́n pe àwọn mìíràn, pé oníbàárà òun ti wà lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni adájọ́ máa ń gbà. Tẹ́ ẹ bá dé ní aago 11, tẹ́ ẹ rọra wọlé, tẹ́ ẹ jókòó, nígbà tí wọ́n bá tún pe ẹjọ́ yẹn ẹ wà níbẹ̀, kò sí bench warrant kankan nìyẹn. Fóònù kan péré ló ṣe é.

Tí lọ́yà ò bá gbé fóònù, ẹ pe onídùúró, kó sáré lọ síbẹ̀ tó bá sún mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá ní nọ́ńbà ẹnikẹ́ni tó wà nínú kóòtù lọ́jọ́ yẹn, ẹ pè é. Ẹ má sọ pé ojú ń tì yín. Ẹ tètè sọ̀rọ̀ kí agbefọ́ba tó sọ tiẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, lọ́yà tó wà níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ o. Ẹ̀yin lẹ gba béèlì, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ fara hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí lọ́yà yín bá ní òun ò ní lè wá lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin ẹ lọ. Ẹ dúró sínú àpótí, tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní lọ́yà mi kọ lẹ́tà, tàbí ẹ ní mi ò tíì rí i. Wọ́n á fún yín ní ọjọ́ mìíràn, ẹ máa lọ sílé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wádìí ohun tí wọ́n kọ sínú fáìlì

Ká ní ọjọ́ ti wá kọjá pátápátá. Ẹ má fi àhesọ ṣiṣẹ́. Àwọn kan á ní wọ́n ti gbé wáráǹtì jáde, bẹ́ẹ̀ kò sí irú ẹ̀. Àwọn mìíràn á ní kò sí wàhálà, bẹ́ẹ̀ wáráǹtì ti wà nílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ rán lọ́yà lọ sí rẹ́jísírì kóòtù yẹn, ọ́fíìsì tí fáìlì ẹjọ́ ń wà, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹjọ́ yín, kó wo nǹkan mẹ́rin: ọjọ́ wo ni wọ́n sún un sí, ṣé bench warrant wà, ṣé wọ́n ti fagi lé béèlì, ṣé wọ́n ti pàṣẹ kankan lórí onídùúró. Lọ́yà lè béèrè fún ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ọjọ́ yẹn tí kóòtù fi òǹtẹ̀ lù, owó díẹ̀ ni wọ́n ń san fún un, kí wọ́n sì gba rìsíìtì.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ rán lọ́yà ni pé tí wáráǹtì bá ti wà níta, tí ẹ̀yin fúnra yín bá lọ dúró lẹ́nu rẹ́jísírì láìsí ẹni tó máa sọ̀rọ̀ fún yín, ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ lè mú yín, kò sì ṣẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá ẹ̀rí, ẹ̀rí gidi

Tó bá jẹ́ àìsàn, ìwé láti ọsibítù ni, kí orúkọ yín wà lórí ẹ̀ bó ṣe wà lórí ìwé ẹ̀sùn, kí ọjọ́ tẹ́ ẹ débẹ̀ wà lórí ẹ̀, kí orúkọ àti ìfọwọ́sí dókítà wà, kí òǹtẹ̀ wà. Ìwé oògùn tẹ́ ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kò tó. Tó bá jẹ́ pé èèyàn yín ló kú, ìwé ẹ̀rí ikú tàbí ti mọ́ṣúárì. Tó bá jẹ́ ìjàǹbá ọkọ̀, ìwé ọlọ́pàá àti ti ọsibítù. Tó bá jẹ́ pé àgọ́ ọlọ́pàá mìíràn lẹ wà lọ́jọ́ yẹn lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, ìyẹn náà ní ìwé, ẹ gbà á.

Ẹ má ra ìwé dókítà ayédèrú. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń tà á, mo sì mọ bí ọkàn èèyàn ṣe máa ń rò ó nígbà tí ẹ̀rù bá ti mú un. Agbefọ́ba lè ránṣẹ́ sí ọsibítù yẹn, tí wọ́n bá ní àwọn ò mọ̀ yín rí, ẹ̀sùn tuntun lẹ fọwọ́ ara yín rà yẹn, ìyẹn sì lè burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ gbàgbé ọjọ́ ni, ẹ sọ pé ẹ gbàgbé. Adájọ́ ti gbọ́ ọ rí, ó máa ń bínú sí i, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìwé tí lọ́yà máa kọ

Ní kóòtù màjísíréètì, nígbà mìíràn lọ́yà lè fi ẹnu lásán bẹ̀bẹ̀ kí adájọ́ fagi lé wáráǹtì, tẹ́ ẹ bá ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Èyí tó dáa jù ni kó kọ motion, ìyẹn ìwé ẹ̀bẹ̀ sí kóòtù, pẹ̀lú afidáfíìtì. Afidáfíìtì yẹn, ẹ̀yin lẹ máa búra sí i níwájú commissioner for oaths, ẹni tó ń gba ìbúra ní rẹ́jísírì, inú ẹ̀ lẹ ti máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí, ẹ máa so ẹ̀rí mọ́ ọn. Kó kúrú. Kí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ ohun tẹ́ ẹ lè sọ láìgbọ̀n tí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè. Ní High Court, ìwé yẹn ni wọ́n sábà máa ń fẹ́, agbefọ́ba tàbí lọ́yà ìjọba sì gbọ́dọ̀ gba ẹ̀dà tiẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ lọ

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yẹ̀. Ìwé ti wà, lọ́yà ti ṣetán, ẹsẹ̀ ò gbé wọn. Mo mọ̀ pé kò rọrùn, mi ò sì ní tàn yín: adájọ́ lè dá wáráǹtì yẹn nù kó ní kẹ́ ẹ máa lọ lórí béèlì àtijọ́, ó lè fi àdéhùn kún béèlì yẹn, bíi kó ní kí ẹ mú onídùúró kejì wá, tàbí kẹ́ ẹ kó pásípọ́ọ̀tù sílẹ̀, ó sì lè ní kí wọ́n fi yín pa mọ́ ní ẹ̀wọ̀n Ìkòyí tàbí Kirikiri títí ọjọ́ tí wọ́n á fi gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Ẹ múra fún un. Ẹ jẹ́ kí ará ilé kan mọ ibi tẹ́ ẹ wà, kó ní nọ́ńbà lọ́yà, tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ẹ fi orúkọ oògùn yẹn lé e lọ́wọ́. Ẹ wọ aṣọ tó mọ́. Ẹ dé kí aago 9 tó lù, ẹ jẹ́ kí onídùúró bá yín lọ, nítorí onídùúró tó bá wà níbẹ̀ tó ń sọ pé òun ṣì wà lẹ́yìn yín, ó máa ń rọ adájọ́ lọ́kàn.

Tí wọ́n bá bi yín ní ibi tẹ́ ẹ wà, ẹ dáhùn ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ má bá agbefọ́ba jà, ẹ má sunkún kóòtù títí. Lọ́yà ló máa ṣe ìyókù.

Ọ̀rọ̀ onídùúró

Èyí ló ń jẹ mí lọ́kàn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Màmá kan wá sọ́dọ̀ wa, áńkárá ló ń tà ní Balógun, ó ti dúró fún ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn pé ó kó owó ẹlòmíràn. Wọ́n ti gba ìwé owó orí ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ti lọ wo ilé ẹ̀, ó ti lẹ fọ́tò mọ́ ìwé, ó ti fọwọ́ sí i. Ọmọ náà lọ lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ mọ́. Nígbà tí ìwé kóòtù dé ṣọ́ọ̀bù màmá yìí, níwájú àwọn oníbàárà tó ń wọn aṣọ, ó rò pé aṣọ tóun tà ló fa wàhálà. Ó gbé ìwé yẹn wá sórí tábìlì wa, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ títí tó fi nà, ó ń bi wá pé "ṣé lóòótọ́ ni wọ́n lè ta ṣọ́ọ̀bù mi?"

Ìdáhùn ni pé, bẹ́ẹ̀ ni, ó lè dé bẹ̀. Owó tó wà lórí ìwé béèlì, gbèsè ni fún onídùúró lọ́jọ́ tí olùjẹ́jọ́ bá sá lọ. Kóòtù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè é, kó gbọ́ tẹnu ẹ̀, kó tó pàṣẹ pé kó san án. Tí kò bá san án, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá ẹ̀ kí wọ́n tà á, wọ́n sì lè fi í sí ẹ̀wọ̀n. Kóòtù ní agbára láti dín owó náà kù, pàápàá tí onídùúró bá fi hàn pé òun sapá láti wá ẹni náà.

Ẹ ò gbàgbé ọ̀rọ̀ Abdulrasheed Maina, ẹni tó ti fìgbà kan jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ àtúnṣe owó ìfẹ̀yìntì, ní ọdún 2020. Kóòtù Federal High Court l'Ábùjá fún un ní béèlì lórí 500 mílíọ̀nù náírà, Sẹ́nétọ̀ Ali Ndume ló dúró fún un. Maina ò wá mọ́. Ní November ọdún yẹn adájọ́ fagi lé béèlì, ó ní kí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ lọ láìsí i níbẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé Sẹ́nétọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n Kùjẹ́, ó lo ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀ kó tó gba béèlì tiẹ̀. Wọ́n mú Maina ní orílẹ̀-èdè Niger, wọ́n gbé e padà wá ní December, nígbà tó di November 2021 wọ́n fi í sẹ́wọ̀n ọdún 8. Tí wọ́n bá lè ṣe é fún sẹ́nétọ̀, ẹ rò ó wò, kí ni wọn ò ní ṣe fún ẹni tó ń ta áńkárá?

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró fún èèyàn: ẹ mọ ọjọ́ kóòtù ẹ̀ bí ẹni mọ ọjọ́ owó ilé. Tẹ́ ẹ bá ti fura pé ó ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ẹ má dúró, ẹ lọ sọ ní kóòtù. Òfin fún yín láàyè láti bẹ kóòtù pé ẹ ò ṣe mọ́. Wọ́n á kọ̀wé kí wọ́n mú ẹni náà wá, tó bá ti dé, wọ́n á tú yín sílẹ̀, ìyẹn náà á wá onídùúró mìíràn tàbí kó lọ sí àhámọ́. Tí onídùúró bá kú kí nǹkan tó bàjẹ́, gbèsè yẹn kì í lé àwọn ọmọ ẹ̀ kiri, àmọ́ olùjẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ wá ẹlòmíràn. Obìnrin lè dúró fún èèyàn, ACJA sọ ọ́ kedere, tí ẹnikẹ́ni ní àgọ́ bá ní àfi ọkùnrin, irọ́ ni.

Ẹ sì mọ̀ pé onídùúró yàtọ̀ sí ará ilé. Tẹ́ ẹ bá sá lọ, ọlọ́pàá ò gbọ́dọ̀ wá mú ìyá yín tàbí ìyàwó yín dípò yín tí wọn ò bá fọwọ́ síwèé kankan. Òfin ACJA ní section 7, òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020, àti òfin ìpínlẹ̀ Èkó náà, gbogbo wọn ló kọ̀ ọ́. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ wá lọ́yà kíá.

Tí wọ́n bá ti mú yín kẹ́ ẹ tó ráyè lọ

Ẹ má bá wọn jà, ẹ má sá. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ rí ìwé wáráǹtì yẹn tàbí kí wọ́n sọ kóòtù tó ti wá, ẹ pe lọ́yà, ẹ pe ará ilé. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti má sọ̀rọ̀ títí lọ́yà á fi dé. Ibi tí wáráǹtì ní kí wọ́n gbé yín lọ ni kóòtù tó fọwọ́ sí i, DPO tó jẹ́ ọ̀gá àgọ́ ò lè dá a sọ nù, IPO tó ń wádìí ẹjọ́ ò lè dá a sọ nù. Torí ẹ̀, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mú owó wá kóun bá yín "pa" wáráǹtì, owó yẹn ti wọgbó, orúkọ yín ṣì wà nínú fáìlì. Béèlì ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀fẹ́ ni, ti kóòtù náà, kóòtù ló ń fúnni, kì í ṣe ẹni tó ń dúró sí géètì.

Àwọn ohun tó máa ń ṣi èèyàn lọ́nà

Èyí tó wọ́pọ̀ jù: "A ti parí ẹ̀ nílé." Àwọn méjèèjì ti bára wọn sọ̀rọ̀, àgbà ti dá sí i, owó ti padà, olùfisùn ní òun ò ṣe mọ́, gbogbo ènìyàn ti mu omi tútù. Olùjẹ́jọ́ wá jókòó sílé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹjọ́ ọ̀daràn kì í ṣe ti olùfisùn mọ́ lẹ́yìn tó bá ti dé kóòtù, ìjọba ló ń ṣe é. Títí adájọ́ fúnra ẹ̀ á fi fi ẹnu ẹ̀ sọ pé òun ti wọ́gi lé e, ẹ̀yin ẹ máa lọ. Ẹ mú ìwé àdéhùn yẹn lọ, ẹ mú olùfisùn lọ kó sọ ọ́ níbẹ̀, kí agbefọ́ba náà sọ ohun tó fẹ́ ṣe, ẹ dúró kẹ́ ẹ gbọ́ àṣẹ. Kódà tí IPO bá ní "má wulẹ̀ wá mọ́", IPO kọ́ ló fún yín ní béèlì.

Èkejì ni DPP advice, ìyẹn ìmọ̀ràn lọ́yà ìjọba lórí bóyá kí ẹjọ́ tẹ̀ síwájú. Tí ẹ̀sùn bá ju agbára màjísíréètì lọ, fáìlì máa ń lọ sí ọ́fíìsì Director of Public Prosecutions ní ministry of justice, wọ́n á sún ẹjọ́ síwájú, wọ́n á tún sún un, oṣù á máa gun orí oṣù, kò sẹ́ni tó ń sọ nǹkan kan, ó sì máa ń sú èèyàn láti máa ná owó mọ́tò lọ gbọ́ "advice ò tíì dé". Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò lọ yẹn ni advice máa dé.

Kí kóòtù má jókòó náà wà. Ìdáṣẹ́dúró àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù ní 2021 ti ilẹ̀kùn láti April wọ June. Adájọ́ lè lọ sí ìpàdé, wọ́n lè gbé e lọ sí kóòtù mìíràn tí ẹjọ́ á fi bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, kóòtù gan-an lè kó kúrò, bí High Court Igbóṣeré ṣe jóná ní October 2020 tí wọ́n ní láti gbé àwọn ẹjọ́ ibẹ̀ lọ sí ibòmíràn. High Court tún máa ń gba ìsinmi láti apá ìparí July wọ September. Ohun yòówù kó jẹ́, ẹ dé ibẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fún yín, ẹ rí kílákì, ẹ béèrè ọjọ́ tuntun, ẹ rí i dájú pé òun náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ fi ránṣẹ́ sí onídùúró lórí WhatsApp lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹjọ́ àti nọ́ńbà yàrá kóòtù, nítorí ní Ògbà níbẹ̀ yẹn èèyàn lè jókòó sí kóòtù tí kì í ṣe tiẹ̀ kí wọ́n ti pe orúkọ ẹ̀ tán lókè.

Tẹ́ ẹ bá ní ìrìn àjò tó ṣe pàtàkì, tàbí iṣẹ́ abẹ tí dókítà ti dá ọjọ́ fún, ẹ sọ fún lọ́yà kí ọjọ́ kóòtù tó dé, kó kọ lẹ́tà sí rẹ́jísírì tàbí kó bẹ kóòtù ṣáájú. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ jáde kúrò ní Nàìjíríà, ẹ gba àṣẹ kóòtù ná, kódà tí pásípọ́ọ̀tù bá wà lọ́wọ́ yín.

Tí kò bá sí owó lọ́yà

Má ṣe jẹ́ kí èyí dá ẹ dúró, nítorí òun gan-an ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn fara pamọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ní Office of the Public Defender, ìjọba àpapọ̀ ní Legal Aid Council, àwọn méjèèjì ń fún ẹni tí kò lówó ní lọ́yà. Ẹ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀sùn yín, ìwé béèlì yín, nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ kóòtù, àti ẹ̀rí ohun tó jẹ́ kẹ́ ẹ má lọ. Tẹ́ ẹ ò bá rí ìwé ẹ̀sùn mọ́, nọ́ńbà ẹjọ́ nìkan tó, wọ́n á bá yín wá ìyókù. Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, títí kan ọjọ́ tí ẹ̀rù bà yín tẹ́ ẹ pa fóònù, ẹ má fi ohun kan pa mọ́ nítorí agbefọ́ba lè ti mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ, èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀.